Iye Ẹnu Tí Ó Dárúkọ Onímọ̀



Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kàwé ní Zaria wá kí mi ní ìsọ̀. Bí a ti ń ká aṣọ ni ó ń sọ fún mi pé àwọn olùwádìí ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn ara wọn. Wọn a ka ìwé tí ènìyàn kọ, wọn a sì ka iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí i. Èyí tí Jorge Hirsch gbé jáde ní 2005 rí báyìí: bí ìwé rẹ 20 bá wà tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 20 ó kéré tán, 20 ni nọ́ńbà rẹ. Ẹni tí ó kọ ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, 1 ni tirẹ̀. Ìṣirò ọjà gan-an!

Mo bi í pé: ṣé ó tọ́ kí á fi iye ẹnu díwọ̀n ìmọ̀?

Ó mú Ẹdẹ ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ọmọ Cameroon, ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Redeemer's. Láàbù rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò kòrónà ní Áfíríkà, ní oṣù kẹta 2020, láti ara ará Ítálì kan tí ó wọ Èkó. Orúkọ rẹ̀ tún wà lórí ìwé Ebola tí ó jáde nínú Science ní 2014. Wọ́n ka àbùdá 99 láti ara aláìsàn 78 ní Sierra Leone, wọ́n sì rí i pé láti ara ènìyàn sí ènìyàn ni àrùn náà ń ràn, kì í ṣe pé ó ń ti inú igbó wá léraléra. Àwọn tí ó kọ ìwé náà lé ní 50. Kí ó tó jáde, Ebola ti pa márùn-ún nínú wọn. Dókítà Sheik Humarr Khan ti Kenema kú ní July 29, 2014. Nọ́ọ̀sì Mbalu Fonnie náà kú. Ìtọ́kasí ṣì ń wọlé fún wọn. Nọ́ńbà wo ni a ó fún nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú aláìsàn títí ó fi kó àrùn?

Síbẹ̀, n kò ní bú ìtọ́kasí. Àwa ilé kéú mọ ohun tí à ń pè ní isnad: ta ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ gbé ẹ̀kọ́ mi lọ sí ibi wáàsí, ó sọ ọ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ó dùn mí. Mo rò pé nítorí ògo ni. Nígbà tí mo ronú sí i, mo rí ohun tí ó burú jù: ibì kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí mo ti ṣì. Mo ti tún un ṣe fún àwọn tí ó kù. Àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu tirẹ̀ kò mọ ẹni tí wọn ì bá bi. Ọ̀nà tí àtúnṣe ń gbà padà ni dídárúkọ.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ hadith kì í fi ka ẹnu nìkan. Wọ́n ń wádìí ìwà àti ìrántí olúkúlùkù tí ó gbé ọ̀rọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lè kún ẹnu gbogbo ayé. Ìwé tí Wakefield kọ ní 1998 nípa ọmọ 12, tí ó fi da abẹ́rẹ́ àjẹsára pọ̀ mọ́ àìsàn ọpọlọ, wọ́n fà á padà ní 2010. Ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Ọ̀pọ̀ ni ó tọ́ka sí i láti ta kò ó. Bí a bá ka nọ́ńbà rẹ̀ nìkan, àgbà onímọ̀ ni a ó pè é.

Ọmọ náà ní kí n dárúkọ àwọn tí ó kọ́ èmi náà. Mo ka á dé ẹnì kẹrin, n kò mọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin oníwáàsí yẹn nípa ibi tí mo ti ṣì. Kò tíì fèsì.