Ta Ni Onílé Tí Yóò Dá Àgbàrá Dúró?

Nínú àwọn òwe tí a fi ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú ìdánwò, díẹ̀ ni ó rọrùn láti túmọ̀ tó èyí tí ó sọ pé àgbàrá òjò kò lóun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀tá kò lè ṣe kí ó má gbìyànjú àti pa ni lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ara rẹ̀ í ṣọ́ kò ní fún un láyè. Olùkọ́ a sì fún un ní máàkì rẹ̀. N kò sọ pé ìtumọ̀ yìí kò dára. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni pé, kí òwe náà tó di àfiwé, ọ̀rọ̀ nípa òjò àti ilé ni. Ó sì jọ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á, ilé kan ṣoṣo ni ó ní lọ́kàn, àgbàrá kan ṣoṣo, àti onílé kan ṣoṣo tí ó gbé ọkọ́ jáde láti la ọ̀nà fún omi gba ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Ní ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàrá tí ó ń bọ̀ wá wó ilé mi, orí òrùlé ẹlòmíràn ni ó ti ṣẹ̀ wá. Èyí tí mo sì lé kúrò ní ẹ̀yìnkùlé mi, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ni mo darí rẹ̀ sí. Nígbà náà, ta ni onílé tí òwe ń bá wí?

Kò sí ìlú tí ìbéèrè yìí bá mu bí Ìbàdàn. Àwọn jagunjagun tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829, orí òkè ni ojú wọn wà, nítorí ogun. Ṣùgbọ́n bí ìlú ti ń gbòòrò, ilé sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó àti Òkè Àrẹ̀mọ wá sí àfonífojì, títí tí ó fi dé bèbè odò Ògùnpa àti odò Kúdẹtì. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kọjá ààyè rẹ̀. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn, iye àwọn tí ó sì kú lé ní 200. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tí ó lé ní 180 mílímítà rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Adágún omi Ẹlẹ́yẹlé, tí a ti ṣe láti ọdún 1942, kún kọjá ẹnu rẹ̀, afárá Apẹ̀tẹ̀ wó lọ, àwọn ènìyàn tí a pàdánù sì lé ní 100. Àwọn ará Ìbàdàn ti fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ: omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ náà pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú u wò bí a ti ń tú gbólóhùn ní kíláàsì. Omi ni olùwà gbólóhùn kìíní, àgbàrá ni olùwà ti ẹ̀ẹ̀kejì. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀ tí ó ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo ń bá gbólóhùn náà jà lé lórí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ilé kan tí òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 20, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò 180 mílímítà bá rọ̀ lé e, 36,000 lítà omi ni páànù rẹ̀ yóò dà sílẹ̀. Bí a bá fi dúrọ́ọ̀mù tí ó ń gba 200 lítà wọ̀n ọ́n, dúrọ́ọ̀mù 180 ni. Ilé kan ni mo sọ o. Nígbà tí ibẹ̀ wà ní igbó, ilẹ̀ a mu nínú omi yìí, ewé a dá a dúró, gbòǹgbò a fà á. Èyí tí ó bá kù a rọra wá ọ̀nà odò lọ. Páànù kì í mu omi. Sìmẹ́ńtì tí a fi tẹ́ gbogbo àgbàlá, kí ẹrẹ̀ má baà ba mọ́tò jẹ́, kì í mu omi. Bí òjò bá ti dá, onílé orí òkè a jáde, a rí àgbàlá rẹ̀ tí ó mọ́ tónítóní, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ibi tí òun kọ́lé sí dára. Dúrọ́ọ̀mù 180 rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà.

Àbá tí àwọn ìlú kan ti mú lò ní ayé ni pé kí a bu owó ìdènà àgbàrá lé àwọn onílé, kí olúkúlùkù sì san iye tí ó bá òrùlé àti ilẹ̀ tí ó fi sìmẹ́ńtì bò mu. Onílé orí òkè ní èsì sí èyí, èsì náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní: "Owó gọbọi ni mo fi ra ilẹ̀ orí òkè. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ àbàtà ní ọ̀pọ̀ mọ ohun tí ó rà. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Mo ti da tèmi. Èéṣe tí n ó tún fi da ti ẹni tí kò ronú?"

Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àánú ni a ṣe ní kí ó san owó náà, ó borí wa. Àánú kì í ṣe ohun tí a ń fi ìwé owó-orí béèrè. Bí a bá sì pa òwe fún un pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru, ó lè dáhùn pé òun ti sọ fún un, kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú àánú rárá. Bí ewúrẹ́ mi bá wọ oko rẹ, tí ó jẹ iṣu rẹ, tí mo sì san owó iṣu náà, ta ni yóò sọ pé mo ṣàánú rẹ? Gbèsè ni mo san. N kò sì lè wí pé oko rẹ ni ó sún mọ́ ilé mi jù. Omi tí ó ti òrùlé mi lọ, ewúrẹ́ mi ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a lè fi àwọ̀ tàbí okùn ọrùn dá ewúrẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí omi ẹgbẹ̀rún òrùlé bá pàdé nínú Ògùnpa, kò sí ẹni tí ó lè nawọ́ sí tirẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń wọn òrùlé nìyí. Bí a kò bá mọ ewúrẹ́ tí ó jẹ iṣu, a lè ka iye ewúrẹ́ tí olúkúlùkù tú sílẹ̀.

N kò sọ pé ẹni àfonífojì kò jẹ̀bi nǹkan kan. Ẹni tí ó kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi jẹ̀bi. Ẹni tí ó dúró de kí òjò ṣú kí ó tó da ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sínú gọ́tà jẹ̀bi jù ú lọ. Kí àwọn náà san tiwọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilé tí omi ń yà lónìí ti wà níbẹ̀ kí a tó fi páànù bo orí òkè, nígbà tí odò kò tíì mọ ọ̀nà ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn mìíràn sì wà tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi òǹtẹ̀ lu ìwé àṣẹ ìkọ́lé wọn.

Ohun tí ó le jù lójú mi ni ti ayálégbé. Ẹni tí ó ń sùn ní etí odò lóru ọjọ́ omíyalé, kì í ṣe òun ni ó ni ilé lọ́pọ̀ ìgbà. Onílé rẹ̀ lè wà lórí òkè, ó lè wà ní òkè òkun. Bí a bá bu owó lé onílé, ọ̀la ni yóò fi kún owó ilé. Ẹni tí omi gbé àpótí rẹ̀ lọ yóò wá san owó omi tí kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Àtakò yìí lágbára ju ti onílé orí òkè lọ. Ìdáhùn tí mo rí sí i kò pé, ṣùgbọ́n ó mú ọgbọ́n dání: bí a bá fi òrùlé ṣírò, ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé, òrùlé kan ni ó ní, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni yóò sì kan olúkúlùkù, ilé ọlọ́lá tí ó ní òrùlé mẹ́ta àti àgbàlá tí a fi bíríkì tẹ́, ìdílé kan ni yóò san gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n yìí kò fi owó ọlọ́rọ̀ ṣe ẹ̀rí lòdì sí i. Omi rẹ̀ nìkan ni ó wọ̀n.

Èyí ni ó fi yàtọ̀ sí owó-orí ilé tí wọ́n ń gbà ní Èkó. Òfin Èkó ti ọdún 2001 da oríṣi owó ilẹ̀ mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan, iye tí ilé náà tó lọ́jà ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi kún un ní ọdún 2018, ariwo sọ, ìjọba sì dín in kù lọ́dún kan náà. Òfin náà yọ ilé ìjọ́sìn kúrò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ fún owó-orí. Ṣùgbọ́n fún owó àgbàrá, n kò rí ìdí rẹ̀. Ó ṣòro láti rí òrùlé tí ó fẹ̀ tó ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti mọ́ṣáláṣí ńlá wa, omi tí ó sì ń ti orí wọn sọ̀ kalẹ̀ kò mọ́ ju omi mìíràn lọ.

Ní Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àwọn ará ìlú dìbò ní ọdún 2010 pé kí a dá àpò owó kan sílẹ̀ fún gọ́tà àti òpópó, kí onílé sì máa san gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí omi kò lè wọ̀ ní àgbàlá rẹ̀ bá ti tó. Ní ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Texas sọ pé ìwé ìdìbò náà kò là á yé àwọn olùdìbò pé àwọn ni yóò san owó náà. Ìjì Harvey da omi bo ìlú náà ní 2017. Ní 2018, wọ́n tún ìbò náà dì, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ owó sínú rẹ̀ kedere, àwọn ènìyàn sì tún gbà á. Ohun tí ó wú mi lórí nínú ìtàn yìí ni pé ilé-ẹjọ́ kò sọ pé gbígba owó náà kò tọ́. Àbòsí inú ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ̀.

Àwọn baba wa ní agbègbè Ìbàdàn kò nílò ilé-ẹjọ́ láti sọ irú rẹ̀. Ní ọdún 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ̀kọ̀yà, òkè mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn lè san. Wọn kò sọ pé àwọn kò ní san. Ẹni tí ó bá ka ìjà náà sí ìjà àwọn tí kò fẹ́ san owó-orí kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí: wọ́n wo ọ̀nà oko wọn, wọn kò rí ibi tí owó náà gbà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi gọ́tà sábẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fi dídíye lé ilé láti gba owó-orí lórí rẹ̀ sábẹ́ wọn kan náà. Bí ẹni pé a fún ènìyàn ní oko àti ọkọ́ pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó pín Ìbàdàn mọ́ra wọn lọ́wọ́ jẹ́ 11, omi kò sì mọ ààlà kankan nínú wọn. Owó tí a gbà lókè tí a kò ná nísàlẹ̀, kí a má gbà á rárá ni ó sàn.

Ẹni tí ó bá ní kí a má bu owó lé ẹnikẹ́ni, kí ó mọ̀ pé a ti bu ú lé ẹnìkan. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Ẹ̀yáwó ni. N kò bú ẹni tí ó yá a, nítorí òkú ọdún 2011 kò jẹ́ kí ènìyàn lè fọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò parí sísan rẹ̀ kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń ní òrùlé, a kò sì bi wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ agbo ilé. Ní Bẹẹrẹ àti ní àyíká Ọjàá'ba, ilé wà tí baba ńlá kọ́, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí ó lé ní ogójì ní ìpín nínú rẹ̀, tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé sì ti di ará ọ̀run láti ìgbà pípẹ́. Ta ni a ó gbé ìwé owó náà fún? Àwọn kan ti wí fún mi pé ibí yìí ni àbá náà ti já sí asán. Èmi rò pé Mọ́gàjí ni a ó gbé e fún, kí ó pe ẹbí jọ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí páànù bá ń jò, kí olúkúlùkù dá tirẹ̀. Òrùlé kan náà ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí.