Ìwúre Ẹ̀yìnkùlé

Olódùmarè, Ọba tí ó ni ilẹ̀, tí ó ni òjò, àkọ́rọ̀ òjò tún ti dé. Ilẹ̀ ti rọ̀, ọkọ́ ti wà lọ́wọ́, irúgbìn ti wà nínú igbá. Kí a tó sọ ẹyọ kan kalẹ̀, a fẹ́ wúre, kí O gbọ́, kí O sì fi àṣẹ sí i. Ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ike ọ̀dà tí a lu ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò, táyà àlòkù tí a rọ erùpẹ̀ sí, àpò sìmẹ́ńtì tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: oko wa nìyí. Kò tó nǹkan lójú ẹni tó ní oko ńlá. Ṣùgbọ́n àwa mọ ohun tí O fi ṣe fún wa lọ́dún 2020, ìdí nìyí tí ọpẹ́ fi ṣáájú ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu wa.

A kò gbàgbé. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn Kòrónà mú ní Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ 14 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Títì dá páropáro. Ní Èkó, ọjọ́ kan yọ ọjọ́ kan ni ọjà oúnjẹ ń ṣí, fún wákàtí mẹ́rin péré. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣe Àjíǹde láìsí ìjọ, mọ́sáláṣí wọ oṣù Ramadan láìsí jámáà. Àwọn tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá rí lóòní ni wọn yóò jẹ lóòní, alábàárù, awakọ̀ dáńfó, oníṣẹ́ ọwọ́, wo yàrá wọn, yàrá náà sì ń wò wọ́n.

A dúpẹ́ pé inú àkọ́rọ̀ òjò ni O jẹ́ kí kónílé-ó-gbélé náà bọ́ sí. Bó bá jẹ́ inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni, omi kànga tí a ń fà mu ni à bá máa bá ẹ̀fọ́ pín. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀. Ilẹ̀ tí a ti sọ di ààtàn fún ọdún gbọọrọ mu omi yó, ẹni tí kò mú ọkọ́ rí láti ìgbà tó ti kúrò lábúlé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ́ yá. Irúgbìn wo la ní? Èyí tó wà nínú ilé ìdáná ni. Tòmáàtì tó ti rà, a fún èso rẹ̀ sílẹ̀. Ata rodo tó gbẹ, a gbọn inú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Ọ̀dùnkún tó hù lábẹ́ tábìlì, a gbé e jáde. Ìwọ lo fi irúgbìn pamọ́ sínú ohun tí a fẹ́ dà nù. A júbà.

Ní báyìí, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa lórí ewédú yìí. Èèpo èso rẹ̀ le. Bí a bá kàn dà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní hù. Àwọn ìyá wa tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń di í sínú àkísà mímọ́, tí wọ́n ń rì í bọ omi gbígbóná fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, tí wọ́n sì ń tètè fi omi tútù tẹ̀ lé e. Ohun tí ì bá pa á ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Gbogbo ẹni tí ọdún náà rì bọ omi gbígbóná, Olúwa, kí ó hù. Ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tì, tí kò sí fóònù tí yóò fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́, kí ìwé rẹ̀ hù. Ìyá olóúnjẹ tí owó rẹ̀ wọlẹ̀ lásìkò náà tí kò tíì gòkè di òní, kí òwò rẹ̀ hù, kí ó yọ ewé, kí ó ṣeé já. Oníṣẹ́ tí wọ́n dá dúró tí wọn kò pè padà, kí ẹni tí kò retí pè é. Àṣẹ.

Èso tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ kéré débi pé iyanrìn la fi ń pò ó kí ó tó tú ká dọ́gba, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ló ti tó jẹ. Ire tó yẹ kó yá, kí ó yá bẹ́ẹ̀ fún wa. Èyí tó bá gba pé ká dúró, kí O fún wa ní sùúrù tí a fi ń dúró de ilá fún bí oṣù méjì.

Ewúro ni mo fẹ́ dúró lé lórí. A kì í wá èso rẹ̀ kiri. Igi rẹ̀ là ń gé, tí a ń fi gún ilẹ̀, tí yóò sì ta gbòǹgbò níbi tí kò mọ̀ rí. Olúwa, rántí àwọn ọmọ wa tí ayé ti gé lọ gbìn sílẹ̀ òkèèrè. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n ti kéde kónílé-ó-gbélé fún Ìlú Ọba, títí kan Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ohùn Yorùbá kì í gbẹ lójú ọ̀nà. Àwọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú wọn ń jáde lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń ti ilẹ̀kùn. Ojú fóònù ni àwọn kan ti rí ìsìnkú bàbá wọn, nítorí ọ̀nà òfúrufú tì, kò sí bí wọ́n ṣe lè wá bu erùpẹ̀ sí i. Kí gbòǹgbò wọn mú ilẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Kí ayọ̀ tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ wálé má jìnnà. Bí a bá sì fọ ewúro, a kì í fọ gbogbo ìkorò rẹ̀ tán, ọwọ́ tó ń fọ̀ ọ́ ló mọ ìwọ̀n tó yẹ kó ṣẹ́ kù. Èyí tí a óò fi rántí àwọn òkú wa ni kí O fi sílẹ̀ fún wa, kí O bá wa fọ ìyókù dà nù. Àṣẹ.

Bùkún fún èso ùgú tó ti ọwọ́ àwọn aládùúgbò wa ọmọ Ígbò dé ọwọ́ wa. Bùkún fún abọ́ tó gba orí ògiri kọjá lásìkò náà, tó lọ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó bọ̀ pẹ̀lú iyọ̀. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọdún la ti jọ ń gbé láìmọ orúkọ ọmọ ara wa. Efinrin tí a gbìn sábẹ́ fèrèsé ń lé ẹ̀fọn, a sì ń já a fún ẹni tí inú ń run nílé kejì. Kí ilé wa máa ní ohun tí aládùúgbò lè wá tọrọ, kí ojú má sì ti ẹni tó wá tọrọ.

A dúpẹ́ fún gaàrí inú omi tútù àti èpà sísun ìgbà kónílé-ó-gbélé náà. A dúpẹ́ fún rédíò oníbátìrì tó ń bá wa sọ̀rọ̀ nígbà tí iná kò sí, fún ọpọ́n ayò tí a gbọn eruku rẹ̀ nù, fún àlọ́ tí àwọn ọmọ gbè lórí ẹní lálẹ́, fún oorun ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni kò fi pè wá ní ọ̀lẹ. Èyí tó ga jù lójú mi ni ti bàbá tó máa ń jáde kí àkùkọ tó kọ, tó máa ń wọlé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn. Lásìkò náà, bàbá yìí jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fa koríko tí a kò ní fa ẹ̀fọ́ mọ́ ọn. Ó mọ ohun tó ń ba ọmọ rẹ̀ lẹ́rù. Ọmọ náà mọ orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ bó bá ń bomi rin ata. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ló ti gba bàbá yẹn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì tún fẹ́ gbà á padà. Olúwa, má gbà fún un. Fún àwọn òbí ní iṣẹ́ tí yóò bọ́ ilé tí kò ní jẹ ilé run. Kí alẹ́ máa bá wọn nílé kí àwọn ọmọ tó sùn. Àṣẹ, àṣẹ, àṣẹ.

Mo mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé kan jẹ́ ebi ilé kejì. Lásìkò kónílé-ó-gbélé náà, ní Agége, ní Ìfàkò-Ìjàyè, ní Alágbàdo, àwọn ọkùnrin dáná táyà lójú pópó, wọ́n ṣọ́ òru mọ́jú nítorí ìbẹ̀rù olè. Oúnjẹ ìrànwọ́ kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ará ìlú já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí káàkiri, wọ́n bá àpò ìrẹsì àti indómì níbẹ̀ ní ìtòlé-ìtòlé. Ọba onídàájọ́, má jẹ́ kí oúnjẹ tún wà lábẹ́ àgádágodo nígbà tí ọmọ ń sunkún ebi ní ìta rẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, fún un ní ọkàn tí yóò tètè ṣí i. Àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn agbálẹ̀ ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yàbá àti níbi gbogbo, tí wọn kò lè gbélé nígbà tí a ní kí onílé gbélé, san án fún wọn ní ìlera, kí ìjọba náà sì san èyí tó jẹ wọ́n.

Àwọn tí kò ní ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Àwọn tí yàrá wọn kojú yàrá ẹlòmíràn, tó jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá, tí onílé kò sì fẹ́ rí ìkòkò lójú ọ̀nà? Fún wọn ní ojú fèrèsé tí oòrùn ń dé. Gbúre kò béèrè púpọ̀, ẹ̀ka rẹ̀ kan nínú agolo tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ọkàn onílé rọ̀. Kí ọjọ́ tí àwọn náà yóò kọ́lé wọn pẹ̀lú àyè láti gbin nǹkan tètè dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbìn lọ́dún yìí, ẹ dìde kí n wúre fún yín. Ìgbẹ́ adìẹ tí ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa kí ẹ tó pò ó mọ́lẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Eérú tí ẹ kù sára ewé yóò lé kòkòrò. Ìgbín kò ní ṣáájú yín dé orí ebè. Ewúrẹ́ aládùúgbò kò ní já okùn lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí nílé. Òjò kò ní pọ̀ jù kó gbá irúgbìn lọ, oòrùn kò ní mú jù kó jó èhù. Ẹ̀yìn tí ẹ ń bẹ̀ fi bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kò ní kan yín. Ọmọ tó ń bá yín gbé ike omi yóò dàgbà lójú yín, yóò gbin tirẹ̀. Bí ẹ bá gé ewédú yín, kùkùté rẹ̀ yóò tún rú, ẹ ó tún gé, yóò tún rú. Ìjábẹ̀ yín kò ní sọnù, ẹ ó rí irú sí ewédú náà, ẹ ó rí ẹja sí i, ẹ ó rí ọkà tí ẹ ó fi jẹ ẹ́, àwọn tí ẹ óò sì jọ yí abọ́ ká kò ní dín nínú ilé yín. Àṣẹ.