Ara Gbóná, Inú Tutù

Lóru òjò ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá da ife ògógóró kan sọ́fun á ní ara òun ti móoru. Kò purọ́, ara ló ń tàn án. Ọtí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ fẹ̀: awọ á gbóná, ooru inú á máa sá lọ. Ẹ̀dọ̀ tó ń bá ọtí jà kì í ráyè ṣe ṣúgà tuntun. Bí ẹni náà kò bá tíì jẹun, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi pé yóò dákú.

Ta ni ká wá gbà gbọ́: ara àbí tẹmómítà?

Àwọn onímọ̀ a máa bi ẹranko léèrè: wọ́n á fún un lọ́tí, wọ́n á sì wọn ooru àti ṣúgà rẹ̀. Eku sísanra tí wọ́n ń pè ní ob/ob, tí wọ́n rí ní Jackson Laboratory ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1949, kò ní họ́mónù leptin. Láìtíì tọ́ ọtí wò, ara rẹ̀ ti tutù ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣúgà rẹ̀ sì ga.

Ṣùgbọ́n eku kò tọrọ ọtí. Ọbàtálá inú ìtàn ìṣẹ̀dá fọwọ́ ara rẹ̀ mu ẹmu ni, ìdí nìyí tí àwọn olùsìn rẹ̀ fi ń sá fún un. Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú gba èèwọ̀ tirẹ̀ láti inú Kùránì. Ẹni tó lè kọ̀ ni èèwọ̀ méjèèjì ń bá wí. Kí onímọ̀ tó rọ ọtí sí eku lẹ́nu, ó yẹ kó kọ́kọ́ wò ó bóyá èèyàn tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè kan náà.