ÀBÁ KÌ Í ṢE Ẹ̀RÍ

Bí àìsàn òjijì bá wọlé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí dárúkọ ẹni tí ó fà á, kí ó tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ara aláìsàn?

Ẹ jẹ́ kí a fi àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kan ní Ẹgbẹ́dá kí ìrun àsùbáà tán, bí ó ti fẹ́ dìde, ẹnu rẹ̀ wọ́, apá kan kò ṣeé gbé mọ́. Kíá, ará ilé ti ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Ojú ti ń wo orogún tàbí alájọgbé. Ẹnìkan ń gbé àgbo bọ̀, ẹlòmíràn ń wá aáfà lọ.

Ohun méjì ló sábà ń fa àrùn yìí: kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó dí iṣan ọpọlọ, tàbí kí iṣan náà bẹ́. Méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà kò lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Bẹ́ẹ̀, oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Röntgen, ará Jámánì, ló ṣàwárí X-ray ní 1895. Ní 1971, wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT scan tí Hounsfield ṣe ya àwòrán orí aláìsàn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sínú ọpọlọ á hàn ní funfun. Bí kò bá sí i, wọ́n lè lo oògùn náà, ṣùgbọ́n kí wákàtí 4½ tó kọjá láti ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Ẹgbẹ́dá dé LASUTH n'Ìkẹjà mọ̀ pé àkókò yẹn kò pọ̀.

Àwọn kan á ní kádàrá ni, kí la fẹ́ fi àwòrán ṣe? Nígbà tí Sayidina Umar yí padà lọ́nà Ṣáàmù nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ìdáhùn rẹ̀ fi yé wọn pé inú kádàrá kan náà ni òun ṣì wà. Aáfà lè ṣe àdúà nínú ọkọ̀. Àgbo ni kí a gbé sílẹ̀, torí aláìsàn lè má lè gbé e mì, kí ó sì gba ọ̀nà èémí rẹ̀ lọ.

Lóòótọ́, àwòrán kò rí ohun gbogbo. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ó lè má tíì fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí hàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tí ń rí inú agbárí bá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kí ni àwa fi rí inú ọkàn alájọgbé wa? Àlùkùránì kìlọ̀ fún wa nípa àbá búburú. Aláìsàn lè gbádùn, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti pe opó ní àjẹ́ kì í tètè tòrò.

Owó ńkọ́? Òfin ìlera ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn láàyè láti kọ aláìsàn pàjáwìrì. Síbẹ̀ àwòrán ń ná ni lówó. Ẹ jẹ́ kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó àsàlátù wa fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa, kí Ó sì wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.