Ìdádúró àti Ìyara-ẹni-sọ́tọ̀: Ìwà Ọmọ Ìlú ní Amẹ́ríkà

Nínú ìtàn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ nípa ara wọn, akọni ni ẹni tí ó dá dúró, tí kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ó sì ń sọ ohun tí ó gbàgbọ́ bí gbogbo ìlú tilẹ̀ dìde sí i. Òótọ́ wà nínú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ó bo ìbéèrè kan mọ́lẹ̀: ǹjẹ́ ẹni tí ìwà rẹ̀ dára nínú ilé ara rẹ̀, tí kò sì bá ará ìlú da nǹkan kan pọ̀, jẹ́ ọmọ ìlú rere?

Alexis de Tocqueville, ará Faransé tí ó rin ìrìn-àjò káàkiri Amẹ́ríkà ní 1831 sí 1832, ronú gidigidi lórí rẹ̀. Nínú apá kejì ìwé rẹ̀ lórí ìjọba àwa-ara-wa ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 1840, ó ya ìmọtara-ẹni-nìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ìyara-ẹni-sọ́tọ̀. Ìmọtara-ẹni-nìkan ti wà láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Ìyara-ẹni-sọ́tọ̀ yàtọ̀: ènìyàn jẹ́jẹ́ ni ẹni tí ó ní in. Kò jalè, ó ń tọ́jú aya àti ọmọ, ó ń bá ọ̀rẹ́ ṣe wọléwọ̀de. Ṣùgbọ́n ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ìwọ̀nba àwọn wọ̀nyí, ó sì fi ìlú sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi ṣòro láti mọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó tí a lè tọ́ka sí. Ẹgbẹ́ ni oògùn tí Tocqueville rí sí i, nítorí pé inú ẹgbẹ́ ni ènìyàn ti ń kọ́ láti ro ti ẹlòmíràn mọ́ ti ara rẹ̀.

Ní 2000, Robert Putnam ti Yunifásítì Harvard tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé oògùn náà ń tán lọ. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìpàdé àdúgbò: èrò ń dín kù nínú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé sáré gbà pé bí ẹgbẹ́ bá ti padà, ìwà rere yóò padà. Wọ́n yára jù.

Kí a wo ìlú Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1955, Rosa Parks kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ọmọ ilé-ìwé, aránṣọ kan tí ó ti rẹ̀ ni, tí ó ṣàdédé kọ̀. Bẹ́ẹ̀, ó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ NAACP ní ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní òru ọjọ́ tí wọ́n mú un, Jo Ann Robinson, olùkọ́ tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé pélébé. Fún ọjọ́ 381, àwọn aláwọ̀ dúdú kò wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn obìnrin tí ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn, ẹni tí ó ní mọ́tò ń gbé ẹni tí kò ní, owó epo sì ń ti inú igbá ọrẹ ilé ìjọsìn jáde.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wà ní òdìkejì pẹ̀lú. Citizens' Council ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tí ó dìde láti dáàbò bo òfin ìpínyà, olórí ìlú Montgomery fúnra rẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1956. Àwọn náà ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn. Bí ìṣọ̀kan nìkan bá tó fún ìwà, kí ni ìbá ṣe àléébù wọn? Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1955, ìwé ìròyìn ìlú náà tẹ lẹ́tà Juliette Morgan, aláwọ̀ funfun tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, tí ó yin àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kẹ̀yìn sí i, wọ́n ń bú u lórí tẹlifóònù. Ó kú ní 1957.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi pe ìwà Morgan àti ìwà ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Èdè Yorùbá lè yà wọ́n. Ẹni tí ó yara rẹ̀ sọ́tọ̀ ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹni tí ó dá dúró wà láàárín ìlú, ó kàn kọ̀ fún un ni. Àìsí ìyàtọ̀ yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ náà máa yí po lójú kan.

Ẹgbẹ́ rere pàápàá nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 1955, oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú Parks, ọmọbìnrin ọdún 15 kan, Claudette Colvin, kọ̀ láti dìde nínú bọ́ọ̀sì Montgomery, ọlọ́pàá sì mú un. Àwọn olórí gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n ní kò yẹ láti fi ru ìlú sókè: ó kéré jù, nígbà tí ó sì yá, ó lóyún. Bóyá ọgbọ́n wà nínú ìdájọ́ wọn, nítorí alátakò wọn kì bá ti dá ọmọ náà sí. Síbẹ̀, ó wà lára àwọn obìnrin mẹ́rin tí ẹjọ́ wọn dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1956, tí ó fi òpin sí ìpínyà nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ó kó lọ sí New York, ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn, ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀. Ní 2021, nígbà tí ó di ẹni ọdún 82, adájọ́ kan ní Montgomery fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn ìgbà ọmọdé rẹ̀ rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ béèrè fún un.