Okùn Méjì Péré

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 12:14–22

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta gìtá ní ìjọ wa ní Surulere fi ń wá ohùn kan kiri. Ohùn gìtá inú Juju Music ni, àwo tí King Sunny Adé gbé jáde lọ́dún 1982. Ó fẹ́ kí orin ìkórè wa dún bẹ́ẹ̀. Ó yá pedal tó ń dá ohùn padà bí ẹni pariwo sínú kànga, ó pààrọ̀ gbogbo okùn gìtá, ó yí bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ohùn ò wá. Jẹnẹrétọ̀ là ń gbọ́ tó ń kùn nínú sípíkà.

Nírọ̀lẹ́ Wẹsidé, Bàbá kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ jùjú ní Mushin nígbà èwe wọn jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń wò ó.

"Ọmọ mi, gìtá ta lò ń wá?"

"Ti King Sunny ni, Bàbá."

"Gìtá mélòó lo gbọ́ níbẹ̀?"

Ó fi fóònù sétí. Ó ka méjì, ó ka mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Nínú African Beats, ẹgbẹ́ King Sunny, gìtá kan á béèrè, òmíràn á dáhùn, òmíràn á sì di ohùn méjì péré mú láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin. Gìtá Hawáì tí Demọ́lá Adépọ̀jù ń ta á wá máa yọ́ kọjá lórí gbogbo wọn. Ohùn tí ọmọ wa ń wá nínú gìtá kan, kò sí nínú ìkankan wọn. Inú àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ara wọn ló wà.

Bàbá gba gìtá kejì. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn díẹ̀, wọ́n ń ta méjì péré. "Pa ẹ̀rọ kànga yẹn. Tí mo bá ń ta, dákẹ́."

Mi ò ní parọ́ nínú ìwé àṣàrò: kò rí bí ti àwo. Kò sí gángan, kò sí gìtá Hawáì. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń gbálẹ̀ lẹ́bàá pẹpẹ gbé ìgbálẹ̀ dúró, ìdí wọn sì ń mì díẹ̀díẹ̀.

Nínú ẹsẹ 22 kíkà wa, Pọ́ọ̀lù kò ní kí á máa fara da ẹ̀yà ara tó dà bí aláìlera. Ó ní a ò lè ṣe láìsí i. Mo ti ka ẹsẹ yẹn láìmọye ìgbà, àánú aláìlera nìkan ni mo máa ń rí níbẹ̀. Mi ò rò ó rí pé orin gan-an lè wà lọ́wọ́ ẹni náà.

Bàbá sọ pé Sunny fúnra rẹ̀ jókòó ta gìtá lábẹ́ Moses Ọláìyá, tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kó tó dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀ lọ́dún 1967. Ní ti Bàbá, wọn ò dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀. Tẹ́nọ̀, gìtá olóhùn méjì yẹn, ni wọ́n ta títí wọ́n fi kúrò nídìí orin. Iwájú orí olórin ni aláriyá ń lẹ owó mọ́, kì í ṣe ti ẹni tó ń ta tẹ́nọ̀. Mo bi wọ́n bóyá kì í dùn wọ́n.

"Ó ń dùn mí o. Ebi náà sì ń pa mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣèèṣì dákẹ́ báyìí, ọ̀gá á yíjú padà wẹ̀yìn."

Àdúrà: Olúwa, dárí jì mí fún gbogbo ìgbà tí mo fi gìtá mi bo ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Kí n tó délé lónìí, rán mi létí orúkọ ẹnì kan tó ń ta okùn méjì lẹ́yìn mi. Àmín.