Mo Kí I ní Òkun, Kò Dáhùn

Owé, ẹ̀ka èdè wa ní Kàbà, ni ọkùnrin kan fi ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó dá mi dúró nìyẹn. Inú àgbàlá odi Elmina ni mo wà, ní etí òkun ilẹ̀ Gáánà, atẹ́gùn iyọ̀ ń fẹ́ sí wa lójú, etí mi sì gbọ́ èdè ìyá mi lẹ́nu ẹni tí n kò rí rí. Ọjọ́ kẹrin tí mo kúrò ní Kàbà ni. Ayọ̀ gbé mi. Mo sún mọ́ wọn, mo tẹrí ba nítorí pé ó jù mí lọ dáadáa, mo kí i pé, “Òkun o!”

Ó wo bàtà mi. Bàtà rọ́bà ni, eruku gáréèjì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé orí báàgì tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá òun mọ̀ mí níbì kan. Kí n tó la ẹnu, ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ń bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ilé náà hàn wá sọ̀rọ̀, ó ní ṣé kò ní dáa kó kọ́kọ́ mú àwọn wọlé ní àwọn nìkan, kí àwọn tó bá ọkọ̀ èrò wá dúró di ìgbà tiwọn.

Mo ti dá ẹjọ́ ọkùnrin yìí kí n tó mú kálámù, n kò sì ní díbọ́n pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kì í ṣe ọmọlúàbí. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ akíkanjú, ó lè máa sanwó ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìwà pẹ̀lẹ́, òtítọ́, ìtẹríba, inú rere: gbogbo wọn la máa ń kà bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dá ẹ kú lóhùn, ọ̀nà wo ni a fẹ́ gbà mọ̀ pé ó ní ìyókù? Ìkíni ni a kọ́kọ́ ń rí lára ènìyàn. Tí kò bá sí níbẹ̀, èmi kì í wá ìyókù kiri mọ́.

Ohun tó jẹ́ kó ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọmọ Òkun ni. Àwọn ẹlòmíràn ń jẹ́ orúkọ odò, àwọn kan ń jẹ́ orúkọ òkè tàbí ti baba ńlá wọn. Àwa Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ìkíni là ń jẹ́. A kò ní ọba kan ṣoṣo tó jọba lé gbogbo wa lórí láyé àtijọ́. Ẹ̀ka èdè wa yàtọ̀ síra, oyè wa yàtọ̀ síra. Ohun tí àlejò gbọ́ lẹ́nu gbogbo wa, láti ìsàlẹ̀ òkè dé etí Ọya, ni “Òkun o.” Òun ló di orúkọ. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1969, Eva Krapf-Askari, obìnrin tó ṣèwádìí lórí ètò àwùjọ àwa Owé, wà lára àwọn tó mú orúkọ náà wọ inú ìwé. Nítorí náà, tí ọmọ Òkun bá gbọ́ òkun tí kò dáhùn, orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n pè tó ṣe bí ẹni pé kì í ṣe òun.

Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi. Mo tó ọmọ ọdún méje, à ń ti oko bọ̀, igi ìdáná wà lórí ìyá àgbà, kèrègbè omi wà lọ́wọ́ mi. Bàbá kan jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń fi okùn so èkù ọkọ́ rẹ̀ tó là. Ìyá àgbà kí i, mo kọjá lọ bí ewúrẹ́. A délé, ó sọ igi kalẹ̀, ó yọ òṣùká kúrò lórí, ó wá bi mí pé, “O kí bàbá yẹn?” Mo dákẹ́. Ó ní kí n padà. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá ti lọ, àwọn pàǹtí okùn nìkan ló kù nílẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá délé láìkí i, oúnjẹ alẹ́ kò sí fún mi, ni mo bá ń bi àwọn ènìyàn léèrè títí mo fi dé ilé rẹ̀. Ó ń jẹun lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú ilẹ̀kùn, mo kí i. Ó fi iṣu tó mú sílẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó dá mi lóhùn tán kó tó tún mú iṣu rẹ̀, ó sì bù fún mi pẹ̀lú epo. Nígbà tí mo padà délé, ìyá àgbà kò bi mí ní ohun tí mo jẹ. “Ó dáhùn?” “Ó dáhùn, ìyá.” Ó ní kí n lọ sùn.

Ẹni tí wọ́n tọ́ báyìí ni ọkùnrin yẹn wo bàtà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé Elmina, torí ọ̀nà náà ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ ni mí. Mo ti máa ń sọ ìtàn òwò ẹrú fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láti inú ìwé, mo sì ti pinnu pé màá fi ojú ara mi rí Elmina, odi tí wọ́n ti ń ta ẹrú, kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti oṣù Òkúdù 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, owó oṣù olùkọ́ kò jẹ́ nǹkan kan tó bá kọjá ibodè, ọkọ̀ òfuurufú kò sì sí nínú èrò mi. Ìsinmi oṣù Ògún dé, mo wọ ọkọ̀ ní Kàbà, a gba Ìyàmoyè jáde sí Ọ̀mùò, a gba Èkìtì kọjá, ó di Èkó. Láti ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ti gbé wa gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lòmé, títí wọ Àkírà. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ibodè mẹ́ta, kò sì sí físà kankan. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 ni a jẹ oore rẹ̀: àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ lè lò nílẹ̀ ara wọn. Ìwé ìrìnnà tó wà lápò mi kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lápò ọkùnrin náà tó gun jíìpù wá sí Elmina. Aláwọ̀ ewé ni méjèèjì.

Ìyá kan jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì náà, ọmọ Èjìgbò tó ń lọ sí Àbíjàn. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé Àbíjàn ti di ilé kejì fún wọn. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni ìyá yìí ti kí gbogbo èrò, láti ìjókòó iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ kú ìrìn, Ọlọ́run á sọ wá kalẹ̀ láyọ̀. Ní ibodè kan tí wọ́n ti dá wa dúró fún wákàtí mẹ́ta nítorí owó tí kò ní rìsíìtì, ó tú ìdì rẹ̀, ó yọ búrẹ́dì àti ẹja díndín jáde, ó pín in sí méjì gẹ́lẹ́. “Gbà, ọmọ mi.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà, mo ti jẹun.” Ó ní irọ́ ni mo ń pa. Irọ́ sì ni. Kò béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kò wo bàtà mi.

Ní ilé ìgbàlejò olówó pọ́ọ́kú tí mo sùn sí ní Cape Coast, ọmọ Jámánì kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè. Ẹ̀rọ ayàwòrán tó gbé kọ́rùn á ra ọ̀kadà tuntun méjì. Láràárọ̀ ni ó máa ń sọ̀kalẹ̀ wá bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé owó olówó ló ń dùn mí.

Ẹ wá wo ibi tí ọkùnrin wa ti yan ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ ilé yẹn ní 1482, kí Columbus tó rí Amẹ́ríkà. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1637, wọ́n sì lò ó títí di 1872 kí wọ́n tó fi lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ilé ìsìn wà láàárín àgbàlá. Yàrá gómìnà wà lókè, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, atẹ́gùn ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn tí wọ́n fẹ́ tà wà nísàlẹ̀, nínú yàrá tí o ní láti bẹ̀rẹ̀ kí o tó wọ̀, ògiri rẹ̀ ṣì tutù lónìí tí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ilé tí wọ́n ti ka àwọn kan sí ènìyàn, tí wọ́n ka àwọn kan sí ẹrù, nìyẹn. Inú rẹ̀ ni ọmọ Òkun dúró sí, tó ní kí wọ́n ya ẹni tó gun jíìpù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó wọ tro-tro, ọkọ̀ èrò wọn níbẹ̀. Ara mi gbọ̀n. Mo ṣì ń bínú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

N kò sọ pé ará ilé wa gba ẹnu ọ̀nà Elmina kọjá. Ìdè tiwa wá láti ibòmíràn. Àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà ló kó ilẹ̀ Òkun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó ọmọ, wọ́n kó ìyá, títí ọmọ ogun Royal Niger Company fi gba Kàbà wọ Bídà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1897. Ìyá àgbà mi gbọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe ń sá gun òkè lẹ́nu àwọn tó sá. Nígbà tí ẹlẹ́ṣin dé, kò béèrè ta ló ní abà mẹ́wàá, ta ló ní ọkọ́ kan. Olówó àti tálákà jọ há sínú ihò àpáta kan náà ni, ohùn ara wọn ni wọ́n sì fi ń mọ ara wọn nínú òkùnkùn.

Tí a bá sì ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò, gbogbo wa la mọ orúkọ Àjàlá. Ọlábísí Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago lọ sí Los Angeles ní 1952, ó tún gun Vespa káàkiri ayé lẹ́yìn náà, ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1963, Ebenezer Obey sì fi orúkọ rẹ̀ sínú orin. Ọmọ aláwọ̀ dúdú lórí Vespa, eruku ọ̀nà lára rẹ̀, ó dé iwájú Nehru ní Íńdíà, Nehru dá a lóhùn. Olórí orílẹ̀-èdè ńlá! Ọlọ́jíìpù tiwa ò lè ṣe é.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ń fi èdè ilé tan ara wọn jẹ nílẹ̀ òkèèrè. Kí o tó dá ẹ kú lóhùn tán, ẹni tó kí ọ ti ní wọ́n jí àpò òun gbé. Òótọ́ ni. Mo rí ọ̀kan ní gáréèjì Kaneshie ní Àkírà tó fi Yorùbá gba owó lọ́wọ́ ìyá arúgbó, tó tún fi Haúsá gba ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ irú wọn rí, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé ibì kan. Ṣùgbọ́n èsì kì í ṣe owó. Dá mi lóhùn, kí o di àpò rẹ mú, kí o máa lọ. Tí mo bá wá béèrè nǹkan lẹ́yìn náà, kọ̀ fún mi, mi ò ní bínú. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí kò bá kí ni kú àbọ̀ ti pàdánù ẹ kú ilé. Wọn kò yọ ẹni tó ń bẹ̀rù sílẹ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ìkórè nílé, mo sì jókòó ní ẹ̀yìn láàárín àwọn ìyá. Wọ́n pe alága ọjọ́ náà. Ọlọ́jíìpù náà ni. Agbádá funfun, fìlà pupa, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ké pé, “Òkun gbogbo ilé o!”

Gbogbo ilé hó. Èmi nìkan ni mo pa ẹnu mọ́. Ìyá tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Tíṣà, ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ń kí wa.”

Mo dìde dúró. Ariwo ti ń rọlẹ̀ nígbà yẹn, àwọn tó wà níwájú sì yíjú padà wò mí. Mo wo ojú rẹ̀ tààrà, mo ní, “Òkun o.”